Ẹ̀kọ́ Ìdárayá Ti Padà Sórí Àtẹ: Kí Ló Kù fún Àwọn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Kogí?

Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ kéde àtúnṣe sí ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 2025, tí wọ́n sì ní kí àwọn ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti sáà 2025/2026, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí dì mú nínú ìkéde náà ni pé iye ẹ̀kọ́ tí ọmọ wọn yóò máa kọ́ ti dín kù. Láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, ẹ̀kọ́ 9 sí 10 ni; láti kíláàsì kẹrin dé ìkẹfà, 10 sí 12. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ariwo rẹ̀ kò lọ jìnnà: ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera, tí wọ́n ti rì mọ́ inú ẹ̀kọ́ mìíràn fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá, ti gba orúkọ ara rẹ̀ padà, ó sì ti dá dúró bí Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe dá dúró. Ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí pápá ilé-ìwé ti pọ̀ ju olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò lọ, ọ̀rọ̀ náà tó yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé kíkọ orúkọ ẹ̀kọ́ sórí àtẹ kò tíì sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe nígbà tí agogo bá lù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn dé ibí kò ṣòro láti tọ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé-ìwé, gbé kalẹ̀, tí ìlò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2008, fún ìdárayá ní àyè tirẹ̀. Nígbà tí ìráhùn pọ̀ pé ẹrù ẹ̀kọ́ ti wúwo jù fún àwọn ọmọ, wọ́n tún un ṣe, ìlò àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2014: wọ́n kó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìdárayá pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Basic Science and Technology. Lórí ìwé, apá kan nínú mẹ́rin ni ìdárayá. Nínú kíláàsì, olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ gbogbo rẹ̀, abẹ́ orúkọ kan náà ni máàkì rẹ̀ sì ń wọlé, èyí tó mú kí ó rọrùn láti sọ eré di àkọsílẹ̀. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó pé eré orí pápá pín sí sísá, fífò àti jíjù. Á ní kí wọ́n dà á kọ. Ọmọ á sì mọ ìtumọ̀ jáfẹ́lìnì lórí ìwé láìtíì fi ọwọ́ kan igi tó jọ ọ́ rí. Mi ò dá olùkọ́ lẹ́bi. Ẹni tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí ìdánwò àṣewọlé sẹ́kọ́ńdírì sì ń bọ̀, ohun tí wọ́n máa bi àwọn ọmọ ló máa kọ́ wọn.

Ìṣòro náà sì ti wà ṣáájú 2014. Àwọn àgbà wa tó lọ sílé-ìwé míṣọ̀n nígbà tí ilẹ̀ Okun, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn Kogí tiwa yìí, ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Kàbà ní Àríwá rántí ohun tí wọ́n ń pè ní dírílì tàbí P.T. Ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde fún àwọn ilé-ìwé tirẹ̀ ní 1933 ni wọ́n gbé wá sí orílẹ̀-èdè wa: kí ọmọ tò sí ìlà, kí ó gbé ọwọ́ sókè, kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ó tẹ̀, kí ó yí, gbogbo rẹ̀ lórí àṣẹ. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà, àwọn ọmọ á yan kọjá níwájú òyìnbó. Òyìnbó ti lọ. Ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ni wọ́n ń yan báyìí, àwọn aláṣẹ tiwa ló sì ń gba ìkíni wọn. Ó ní ohun tí yíyan ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ìtẹríba fún àṣẹ ló ń kọ́ ọmọ ju ìlò ara lọ.

Ohun kejì tí a jogún ni ìdíje ọdọọdún láàárín àwọn ilé inú ilé-ìwé, tí gbogbo ayé ń pè ní inter-house. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ọjọ́ pé, wọ́n á fi eérú fa ìlà sórí pápá, wọ́n á sì ṣa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn yá jù. Àwọn yẹn á máa sáré lọ́sàn-án. Àwọn tó kù á máa ro koríko ẹ̀gbẹ́ pápá, wọn á máa pọn omi tí àwọn sárésáré máa mu, wọn á máa kọ́ orin tí wọn yóò fi kì wọ́n láyà. Lọ́jọ́ ìdíje fúnra rẹ̀, ọmọ tó yẹ kí ó jẹ àǹfààní jù, ìyẹn ọmọ tó sanra, tàbí èyí tí ó tètè ń rẹ̀, tàbí èyí tí bọ́ọ̀lù kì í dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ni yóò jókòó pẹ́ jù lábẹ́ àtíbàbà. Ọjọ́ náà a máa dùn, ìlú a máa kún, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Àmọ́ ìdíje ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bí ilé-ìwé kan bá ní òun yóò máa kọ́ ọmọ mẹ́jọ péré nínú ọgọ́rùn-ún ní ìṣirò, kí àwọn yòókù máa pàtẹ́wọ́ fún wọn, ìpàdé òbí àti olùkọ́ ọjọ́ yẹn kò ní í tán nírọ̀rùn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020, sọ pé ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò, ní ìpíndọ́gba, 60 ìṣẹ́jú ìlò ara lójúmọ́, èyí tó lágbára dé ibi tí mímí yóò ti yára. Ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀, kí èyí tó ń fún iṣan àti egungun lókun wà nínú rẹ̀. Nínú àkójọ tí wọ́n ṣe láti orílẹ̀-èdè 146 títí di 2016, ọmọ 81 nínú 100 láàárín ọdún 11 sí 17 ni kò dé ojú òṣùwọ̀n yẹn. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ ti 1978 pe ẹ̀kọ́ ìdárayá ní ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn, dá a lábàá pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ìṣẹ́jú 120 sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ìgbà ẹ̀kọ́ méjì bá wà lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 35, 70 nìyẹn. Bí ilé-ìwé bá fi ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ kún un, ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 75, àpapọ̀ sì di 145, èyí tó ti kọjá ohun tí UNESCO béèrè. Síbẹ̀, 420 ni ti WHO lọ́sẹ̀. Ilé, ọ̀nà ilé-ìwé àti eré ìrọ̀lẹ́ ni yóò pèsè ìyókù.

Ibí yìí ni òbí kan ní Bùnú tàbí ní Yàgbà yóò ti dá mi dúró. Ọmọ tó jí láàárọ̀, tó pọnmi, tó gbálẹ̀, tó fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé, tó sì tún bá ìyá rẹ̀ ṣa kaṣú nígbà tó délé, kí ló tún fẹ́ fi eré sísá ṣe? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìrìn kánkán àti omi pípọn wà lára ìlò ara, WHO pàápàá kà á mọ́ ọn, ọmọ abúlé sì lè ti jèrè ìdajì wákàtí kí àsẹ́ḿbílì tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìgbé ayé yẹn ń yí padà lójú wa. Ní Kàbà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ọ̀kadà ló ń kó ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ sílé-ìwé, omi ẹ̀rọ ti dé ẹ̀yìnkùlé àwọn kan, fóònù ìyá sì ti di ohun ìṣeré ìrọ̀lẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ oko a máa lo iṣan kan náà lọ́nà kan náà. Kì í kọ́ ọmọ bí a ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, bí a ṣe ń hán ohun tó ń bọ̀ láti òkè, bí a ṣe ń yà lójijì lórí eré, bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa. Egungun pàápàá, fífò àti bíbalẹ̀ ló ń mú un le, ìgbà èwe ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú okun tí yóò lò dàgbà jọ. Ẹrù tó wúwo lórí ọmọ kò lè gba ipò ìyẹn.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà yẹ kí ó jẹ́ gan-an ni mo rò pé a kò tíì sọ tó. Ní kíláàsì ìsàlẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀lù gbígbá, kì í sì í ṣe òfin eré. Sísá, fífò, fífi ẹsẹ̀ kan fò, yíyí, dídúró láìmì, jíjù, híhán àti gbígbá ni, àwọn ohun tí gbogbo eré yòókù dúró lé. Ẹ jẹ́ kí n mú jíjù nìkan. Ẹ fún ọmọ kíláàsì kejì ní bọ́ọ̀lù àkísà, kí ẹ ní kí ó jù ú bí ó bá ṣe lè jìnnà tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọjú síwájú gbọnrangandan, tí yóò sì fi apá nìkan ti bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ etí. Bí ẹsẹ̀ kankan bá lọ síwájú, èyí tó wà ní ìhà ọwọ́ tó fi ń jù ni. Bọ́ọ̀lù yóò sì já lulẹ̀ nítòsí. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ á ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ibi tó ń jù sí. Kí ó na ọwọ́ òsì tọ́ka síbẹ̀. Kí ó fa ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn títí ìgúnpá yóò fi ga tó èjìká. Kí ó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí ìbàdí kọ́kọ́ yí kí apá tó tẹ̀ lé e. Kí ọwọ́ má sì dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò, kí ó gba iwájú ara kọjá sí ìhà kejì. Olùkọ́ tó gbọ́n kò ní í kó gbogbo èyí dà sí ọmọ létí lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, á fi ṣọ́ọ̀kì tàbí eérú ya ibi tí ẹsẹ̀ òsì yóò tẹ̀, kò sì ní í sọ ohun mìíràn. Ọmọ tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì á yí gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹnikẹ́ni má sì fipá mú un lo ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí a ń torí rẹ̀ kọ òsì nílé kò kan pápá.

Irú ẹ̀kọ́ báyìí kò béèrè owó. Àkísà, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ tí a gé wẹ́wẹ́, okùn, ike omi tí a bu yẹ̀pẹ̀ sí, igi tí a tẹ́ sílẹ̀ kí ọmọ fò ó: ohun èlò rẹ̀ nìwọ̀nyí. Àwọn eré wa pẹ̀lú wà nílẹ̀. Okùn fífò ń lé mímí sókè ju ọ̀pọ̀ eré òyìnbó lọ. Suwé ń kọ́ni ní ìdúróṣinṣin lórí ẹsẹ̀ kan. Tẹ́ǹtẹ́, tí àwọn ọmọbìnrin ń fi àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, ń kọ́ ojú àti ẹsẹ̀ láti jùmọ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má kàn gbé eré àbáláyé wọ inú ẹ̀kọ́ láìwò ó. Ẹ wo ẹkùn mẹ́ran bí a ṣe mọ̀ ọ́n: gbogbo ọmọ á di ọwọ́ mú ní ìyípo, ewúrẹ́ á wà láàárín, ẹkùn á wà níta, wọ́n á máa dárin. Bí ọmọ bá jẹ́ ogójì, méjì péré ló ń sáré. Méjìdínlógójì ń dúró, wọ́n ń ké mẹ̀ẹ́. Kí olùkọ́ pín wọn sí agbo márùn-ún, kí ẹkùn àti ewúrẹ́ máa yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, eré kan náà á sì di iṣẹ́ ara fún gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù kan fún odindi kíláàsì, tí ọmọ yóò fi dúró lórí ìlà títí agogo yóò fi lù. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ yìí ń lò ni pé kí ọmọ fi ìdajì àkókò náà, ó kéré tán, wà lórí ìrìn àti eré.

Ní ti ìṣẹ́jú 15 ojoojúmọ́, àpẹẹrẹ kan wà tó yẹ kí a mọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2012, Elaine Wyllie, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Ninians ní Stirling, ilẹ̀ Scotland, rí i pé kì í pẹ́ rárá tí ó fi ń rẹ àwọn ọmọ bí wọ́n bá ní kí wọ́n sáré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn wọn, kí kálukú sáré tàbí kí ó rìn bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, láìsí pé ẹnì kan ń borí ẹnì kan. Wọ́n ń pè é ní Daily Mile, ó sì ti tàn dé ilé-ìwé púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìwádìí tí Yunifásítì Stirling àti ti Edinburgh tẹ̀ jáde ní 2018 fi ilé-ìwé kan tó ń ṣe é wé èyí tí kò ṣe é, wọ́n sì rí i pé ara àwọn ọmọ tó ń ṣe é le sí i, ìjókòó wọn lójúmọ́ sì dín kù. Ilé-ìwé méjì kéré, mo gbà, ṣùgbọ́n ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ kò nílò ẹ̀rí tó tó òkè kí a tó dán an wò.

Tiwa lè rọrùn ju tiwọn lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé níbí ló ti ní àsẹ́ḿbílì àti ìlù tí wọ́n fi ń yan wọ kíláàsì. Kí ìlù náà má tètè dákẹ́. Lẹ́yìn àdúrà àti orin orílẹ̀-èdè, ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oòrùn kò tíì mú. Àwọn ọmọ á yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fò níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n á lọ́ ara sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á sì rìn wọlé. Ọmọ tó bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin mọ́ ti wà níbi tó yẹ. Bí gbogbo wọn bá ṣì ń kọrin ketekete, kí onílù mú un yá díẹ̀. Lásìkò òjò, kọ́rídọ̀ á tó fún fífò lójú kan. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bá bo ojú sánmọ̀, kí wọ́n rìn, kí wọ́n má sáré.

Àṣà kan wà tó lè ba gbogbo èyí jẹ́, mi ò sì rò pé a ti ka ìpalára rẹ̀ sí. Fífò bí ọ̀pọ̀lọ́, sísáré yí pápá ká, pick-pin, gbogbo ìwọ̀nyí la ti sọ di ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó pẹ́ dé, ẹ ní kí ó fò. Ọmọ tó pariwo, ẹ ní kí ó yí pápá ká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí ó tó dé kíláàsì kẹfà, ó ti yé e pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń ní kí ó lo ara rẹ̀, ẹni tó bá dára ni wọ́n ń ní kí ó jókòó. Olùkọ́ kan náà yóò wá fẹ́ kí ó fi ayọ̀ fò nígbà ẹ̀kọ́ ìdárayá. Bí ọ̀gá ilé-ìwé kan bá fẹ́ ṣe ohun kan péré ní sáà yìí, kí ó kà á léèwọ̀ láti fi eré sísá tàbí fífò jẹ ọmọ níyà. Òdìkejì èyí náà kò dára: kí wọ́n gba ìgbà eré lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé kò parí iṣẹ́ ìṣirò.

Àwọn ìdíwọ́ tó wà kì í ṣe kékeré. NCE, ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ni èyí tó kéré jù tí ìlànà ìjọba gbà fún olùkọ́, olùkọ́ kíláàsì kan sì ni yóò kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́. Nínú àwọn ilé-ìwé abúlé, ẹnì kan lè di kíláàsì méjì mú. Kò sí bí olùkọ́ ìdárayá yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí apá kan nínú owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lọ sí kíkọ́ àwọn olùkọ́ kíláàsì bí a ṣe ń kọ́ jíjù, híhán àti fífò, lórí pápá, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú pátákó. Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà. Láti ìgbà tí ìjínigbé ti dé ojú ọ̀nà àti abúlé wa, kò yà mí lẹ́nu bí ọ̀gá ilé-ìwé kò bá fẹ́ kí ọmọ jìnnà sí ògiri kíláàsì, pàápàá níbi tí pápá ti bá igbó pààlà láìsí ọgbà. Èyí ni ìdí kan sí i tí mo fi fara mọ́ àárọ̀, nígbà tí gbogbo olùkọ́ wà nílẹ̀, àti àgbàlá tó wà láàárín àwọn ilé kíláàsì, dípò ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ yóò fi ṣú bá ọmọ lójú ọ̀nà. Àwọn ilé-ìwé aládàáni tó wà nínú ilé gbígbé, tí wọn kò ní ju àgbàlá kékeré lọ, lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú èyí pẹ̀lú. Kí wọ́n má kàn gba owó aṣọ ìdárayá lásán.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Níbi tí ènìyàn bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ti ní ẹ̀jẹ̀ AS, ó dájú pé ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ládìde yóò wà nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Kì í ṣe pé kí wọ́n lé e jókòó títí ayé. Kí ó ṣe é níwọ̀nba, kí ó mu omi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín rẹ̀, kí ó sinmi nígbà tó bá fẹ́, kí òjò àti òtútù má pa á, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í bá ẹlòmíràn díje. Ọmọ tó ní ikọ́ fée yóò nílò ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ àti oògùn fífà rẹ̀ nítòsí. Ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì pọ̀. Kí ó rìn, kí ó má sáré. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, láti kíláàsì karùn-ún ni wọ́n ti ń fà sẹ́yìn, nítorí aṣọ àti ojú àwọn ọmọkùnrin. Ṣòkòtò lábẹ́ yẹrí lè yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì, nítorí pé ẹ̀kọ́ tó dá dúró gbọ́dọ̀ ní èsì tó dá dúró. Bí ilé-ìwé bá fi ipò ẹni nínú eré sísá díwọ̀n, ọmọ tí Ọlọ́run dá ní ẹsẹ̀ gígùn yóò gba A láìkọ́ ohunkóhun. Ohun tó tọ́ ni kí a fi ọmọ wé ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà, kí olùkọ́ kọ iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè fi ẹsẹ̀ òsì nìkan fò kí ó tó gbé èkejì kalẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kí ó tún un kà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 3 tó sì dé 11 ti kọ́ ju ẹni tó ti wà ní 20 látìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì kúrò níbẹ̀ lọ. Ìwé eléwé kan tó fún èyí, fún jíjù àti fún híhán. Alábẹ̀wò tó bá wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ lè ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá, lẹ́yìn náà kí ó jáde sí pápá, kí ó tọ́ka sí ọmọ mẹ́rin tí ọ̀gá ilé-ìwé kò yàn fún un, kí ó sì ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù àkísà sí òun.